Ìlù Kan, Ìlú Méjì: Bí Àwọn Tó Jìnnà Síra Ṣe Lè Jọ Lùlù

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọmọ Àyàn, ẹ̀yin akọrin, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín dání. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe nǹkan kan. Agogo ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Mo máa lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, kí gbogbo ilé máa pàtẹ́wọ́ sí i. Ẹ má wo ọwọ́ mi o. Ẹ dijú, etí nìkan ni kí ẹ fi tẹ̀ lé e.

Ó dáa. Ẹ̀yin ará iwájú, ṣé ẹ gbọ́ àwọn ará ẹ̀yìn? Àtẹ́wọ́ wọn ń dé lẹ́yìn tiyín, bí òjò tó kọ́kọ́ já lu páànù tiwa kó tó kan ti aládùúgbò. Kò sí ẹni tó ń tòògbé nínú wọn, kò sì sí ẹni tí etí rẹ̀ di. Láti ibi tí mo dúró sí dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ́hùn-ún tó nǹkan bíi mítà 34. Èmi ni mo fi okùn wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dé. Nínú afẹ́fẹ́, ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí agogo tó kan ará ẹ̀yìn létí, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ti kọjá. Kí àtẹ́wọ́ tirẹ̀ tó padà dé ọ̀dọ̀ mi, ìdá kan mìíràn tún ti lọ sí i. Inú ilé kan náà la wà, abẹ́ òrùlé kan náà, ìlù wa sì ti ń ya. Kí ni ká wá sọ nípa ẹni tó wà ní Ìbàdàn àti ẹni tó wà ní London?

Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ni mo fi ń jẹun. Èmi ni mo ń gun òpó, èmi ni mo ń fa fáíbà, okùn gíláàsì tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, wọ ilé oníbàárà. Ó pẹ́ tí iṣẹ́ méjèèjì ti wà lọ́wọ́ mi láì pàdé ara wọn. Ọdún 2020 ni wọ́n pàdé, nígbà tí kòrónà dé tí ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé. Àgbà kan nínú ẹbí wa, bàbá tó fi gúdúgúdú kọ́ mi lọ́rùn nígbà tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ, pa ipò dà lásìkò náà. Wọ́n sin bàbá láàárín ènìyàn díẹ̀, láìsí ìlù kankan. Ọmọ Àyàn tó fi gbogbo ayé rẹ̀ lùlù fún òkú ẹlòmíràn! Ó dùn wá dé egungun. A bá fẹnu kò pé tó bá di ogójì ọjọ́, kí olúkúlùkù gbé ìlù rẹ̀ sílé, kí á pàdé lórí ọ̀kan nínú àwọn ètò ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí á sì lù ú fún bàbá láti ibi tí kálukú wà.

Ìyá ìlù wà ní Ìbàdàn. Gúdúgúdú wà lọ́wọ́ mi ní Èkó. Kẹríkẹrì àti ìsáájú wà ní Òṣogbo. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní London pẹ̀lú gángan lábíyá. Ìyá ìlù ló ṣí i. Mo gbọ́ orúkọ bàbá, mo gbọ́ ìdajì oríkì rẹ̀, ni mo bá wọlé pẹ̀lú gúdúgúdú bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Bí awọ méjì ọwọ́ mi ṣe balẹ̀ lójú ìlù báyìí, ohùn ìyá ìlù pòórá. Àmì tó máa ń yí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ká lórí ẹ̀rọ ń fò kiri láti ojú kan sí ojú kejì. Bí ìyá ìlù bá wọlé, èmi ń pòórá. Bí mo bá wọlé, Òṣogbo ń pòórá. Ìgbà tí ohùn wá jọ jáde pọ̀, kálukú wà ní ìrìn tirẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n mi fi rọra gbé gángan sílẹ̀, tí ó fọwọ́ lẹ́rán, tó ń wò wá. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé màá wá ìdí rẹ̀.

Ohun méjì ló ṣe wá. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe irú ètò ìpàdé bẹ́ẹ̀ fún. Wọ́n ti kọ́ ọ láti mọ ohùn ènìyàn, kí ó sì pa ohun yòókù rẹ́ bí ariwo: ìró fáànù, jẹnẹrétọ̀, ilẹ̀kùn tó ń gbá. Gúdúgúdú, lójú tirẹ̀, ọmọ ìyá jẹnẹrétọ̀ ni. Bákan náà, bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, ó máa ń rẹ ohùn àwọn yòókù sílẹ̀ kí ohùn má baà máa ta padà. Ìyẹn dára fún ìpàdé ẹbí, níbi tí ẹnì kan ń sọ tí àwọn yòókù ń gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìlù, gbogbo wa là ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wa la sì ń gbọ́. Àwọn kan nínú ètò wọ̀nyí ní ibi tí a lè tẹ̀ kí wọ́n jọ̀wọ́ ohùn bó ṣe rí gan-an. A tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Ohùn dára sí i lóòótọ́, ìlù kò sì tíì bára mu, torí ohun kejì ṣì wà níbẹ̀, ìyẹn àkókò.

Ẹ jẹ́ ká gé ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún. Ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mìlísẹ́kọ́ńdì. Mítà kan nínú afẹ́fẹ́ ń gba ohùn ní nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ńdì 3. Àwọn onílù tó fara kan ara wọn lóde ìnáwó wà ní mìlísẹ́kọ́ńdì 2 tàbí 3 síra wọn. Bí ọ̀kan bá dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí èkejì wà ní ìdí kànga ní mítà 8 sí i, ó ti di nǹkan bíi 23. Àwọn tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí máa ń fi ààlà sí nǹkan bíi 25: tí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ó máa ń nira fún ènìyàn méjì láti di ìlù mú ṣinṣin. Ètò ìpàdé tí à ń sọ yìí sì sábà máa ń gba ju 100 lọ ní lílọ nìkan. Ìyẹn ni pé láti Èkó, mo ń bá ìyá ìlù Ìbàdàn lùlù bí ẹni tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí, tàbí kó jìnnà jù ú lọ.

Ìwádìí kan wà tó wù mí kí gbogbo onílù mọ̀. Chris Chafe ní Yunifásítì Stanford ní California, pẹ̀lú Juan-Pablo Cáceres àti Michael Gurevich, gbé e jáde ní 2010. Wọ́n mú ènìyàn méjì méjì, wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú yàrá tirẹ̀, wọ́n fi hẹ́dífóònù sí wọn létí, wọ́n ní kí wọ́n jọ máa pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá ń dá ohùn dúró díẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, láti mìlísẹ́kọ́ńdì 3 títí dé 78. Nígbà tí ìdádúró náà pọ̀, àtẹ́wọ́ ń falẹ̀, ó ń falẹ̀, títí ó fi túká. Èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí ìdádúró kéré gan-an, tí kò tó 10, wọ́n ń yára sí i. Ibi tí àtẹ́wọ́ ti dúró déédéé jù wà láàárín, níbi tí ìdádúró ti ju 10 lọ díẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti kọ́ ọmọdé ní ìlù mọ̀ pé sísáré ni wàhálà ọmọdé. Ó jọ pé ọwọ́ ènìyàn fúnra rẹ̀ ń fẹ́ sáré, àlàfo díẹ̀ sì wà láàárín wa lójú agbo tó ń dì í mú láìjẹ́ pé a mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí fífalẹ̀ náà ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí òun ló pa ìlù bàbá. Ká ní mìlísẹ́kọ́ńdì 40 ló wà láàárín èmi àti ìwọ. Mo pàtẹ́wọ́ kan. O gbọ́ ọ lẹ́yìn 40, o rò pé ìsinsìnyí gan-an ni mo pa á, o sì pa tìrẹ mọ́ ọn. Tìrẹ náà gba 40 kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Létí tèmi, o ti fi 80 pẹ́. Mo ní, "Háà, mo ti sáré jù," mo bá dẹwọ́ kí o lè bá mi. Ìwọ náà gbọ́ pé mo dẹwọ́, o dẹwọ́ kí ó má baà jẹ́ pé ìwọ lo ń sáré. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú wa. Ìwà ọmọlúàbí ni olúkúlùkù ń hù sí ẹnì kejì, ìlù sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé ṣé a kò lè ra ẹ̀rọ tó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú iṣẹ́ mi mọ èsì rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ohùn wa nínú fáíbà, ìmọ́lẹ̀ inú gíláàsì sì ń rin nǹkan bíi kìlómítà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹgbẹ̀rún kìlómítà ń gba mìlísẹ́kọ́ńdì 5. Láti Ìbàdàn sí Èkó, kò tó mìlísẹ́kọ́ńdì kan. Ṣùgbọ́n okùn MainOne tó wọ òkun láti Èkó lọ sí Potogí ní 2010 gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 7,000. Mìlísẹ́kọ́ńdì 35 nìyẹn nínú omi nìkan, kó tó gba orí ilẹ̀ Yúróòpù dé London, kó tó wọ kọ̀ǹpútà, kó tó jáde ní hẹ́dífóònù. Kò sí owó tí a lè san fún ẹnikẹ́ni kí ó dín in kù. Ilẹ̀ ayé ló tóbi. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ní ẹ̀rọ tí ẹ lè fi lu dùndún láàárín Ìbàdàn àti London bí ìgbà tí ẹ jókòó sórí àga kan náà, ẹ má fún un lówó.

Ìbàdàn sí Èkó ńkọ́, tí kò tó mìlísẹ́kọ́ńdì kan? Kí ló dé tó fi ju 100 lọ́jọ́ ogójì bàbá? Ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú jù nìyí. Nígbà kan rí, bí ẹnì kan ní Èkó bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ní Èkó kan náà, tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wọn bá yàtọ̀, ẹrù náà lè gba abẹ́ òkun dé Yúróòpù kó tó padà wálé. Torí èyí ni wọ́n ṣe dá IXPN sílẹ̀ ní Èkó, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti lè pàdé kí ẹrù ilé má kúrò nílé. Ó ti ran wa lọ́wọ́ gan-an. Síbẹ̀, tí kọ̀ǹpútà àgbà tí ètò tí ẹ ń lò gbé ohùn sí bá wà ní Yúróòpù, ibẹ̀ náà ni ohùn yín ń lọ. Ohùn gúdúgúdú mi kúrò ní Èkó, ó rin kìlómítà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó yí padà, ó wá dé Ìbàdàn tó jẹ́ pé mọ́tò lè gbé mi débẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Lílọ àti bíbọ̀ nínú omi nìkan ti jẹ́ 70. Tí ẹ kò bá rántí ohunkóhun nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí, ẹ ṣáà máa béèrè pé: níbo ni ohùn wa ń gbà?

Ìdádúró tó kù ń bẹ nínú ilé wa, ìyẹn sì rọrùn láti tún ṣe. Hẹ́dífóònù Bluetooth nìkan lè fi ju 100 kún un. Ẹ yọ ọ́, ẹ lo oníwáyà. Wi-Fi máa ń ṣe ségesège: ohùn kan yóò yára dé, èkejì yóò pẹ́, kọ̀ǹpútà yóò sì máa dá gbogbo wọn dúró kí wọ́n lè tò. Ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ti dátà, ohùn kan ṣoṣo tí a kò fún pọ̀ ń jẹ nǹkan bíi MB 345 ní wákàtí kan ní lílọ, ti ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín tún wà lọ́tọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì ní ínfátà tó ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn, gbogbo wa la jọ wà ní Nàìjíríà.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ dán irú nǹkan yìí wò. Ní 1987, ẹgbẹ́ The Hub láti agbègbè San Francisco pín ara wọn sí méjì ní New York, ẹni mẹ́ta ní Experimental Intermedia Foundation, ẹni mẹ́ta ní Clocktower, módẹ́ẹ̀mù orí wáyà tẹlifóònù ló so wọ́n pọ̀. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà wọn ń fi ránṣẹ́ síra, olúkúlùkù wá ń fi nọ́ńbà tó rí gbà yí orin tirẹ̀ padà. Ní 1997 wọ́n tún gbìyànjú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ibi mẹ́ta, ẹ̀rọ sì yọ wọ́n lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí eré náà kò fi rí bí wọ́n ṣe fẹ́. Nígbà tí mo kà á, ara tù mí díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ bàbá. Chafe àti Cáceres ló ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ JackTrip, tó ń gbé ohùn lọ láìfún un pọ̀ rárá, kí ó má baà fi àkókò ṣòfò. Ní Trieste ní Ítálì, ilé ẹ̀kọ́ orin Giuseppe Tartini àti àwọn GARR, nẹ́tíwọ̀kì àwọn yunifásítì Ítálì, ṣe LOLA, tó ń gbé àwòrán pẹ̀lú ohùn, tí wọ́n sì fi so Trieste pọ̀ mọ́ IRCAM, ilé ìwádìí orin, ní Paris ní 2010. Ó dára gan-an, ṣùgbọ́n ó fẹ́ irú nẹ́tíwọ̀kì tí àwọn yunifásítì ńlá ní. Èyí tó sún mọ́ àpò wa ni Jamulus, tí Volker Fischer bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 2006. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè gbé kọ̀ǹpútà àgbà rẹ̀ kalẹ̀ fúnra yín ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ìyẹn gan-an ni mo sì ṣe.

Nígbà tí mo gbé e kalẹ̀ tán, mo pe àwọn ará ilé padà. Láàárín Ìbàdàn àti Èkó, pẹ̀lú wáyà níhà méjèèjì, a bọ́ sábẹ́ mìlísẹ́kọ́ńdì 25. Mo gbé gúdúgúdú kọ́ ọrùn, ìyá ìlù sọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn, mo sì wọlé. Ó dúró! Ó kọ́kọ́ le díẹ̀ bíi bàtà tuntun, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí i. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò purọ́.

London ló kù. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo wá bá yín sọ lónìí. Ní àkọ́kọ́, a pín àwọn ìlù bí ẹni tó ń pín ẹran: ìsáájú fún London, gúdúgúdú àti kẹríkẹrì fún ilé. Ó bàjẹ́ pátápátá. Ìlù náà rọ̀ bí àmàlà tí omi rẹ̀ pọ̀ jù. Àgbà kan tó jókòó tì mí, tí kò mọ kọ̀ǹpútà rárá, ló sọ pé, "Ẹ ò lè fi ẹsẹ̀ kan sílé kí ẹ fi ìkejì sí òkè òkun, kí ẹ sì ní ẹ ń rìn." Bàbá sọ òótọ́. Nínú dùndún, gúdúgúdú, ìsáájú àti kẹríkẹrì ni ẹsẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ ní àsọtúnsọ, ọ̀kan ń wọ inú àlàfo èkejì. Bí àlàfo náà bá yí padà díẹ̀, kò sí ìlù mọ́. Àwọn yìí kò gbọdọ̀ ya ara wọn. Inú ilé kan náà ni kí wọ́n wà, tàbí ìlú tó súnmọ́ra tó bí Ìbàdàn àti Èkó.

Ẹni tó lè lọ jìnnà ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Oríkì kì í tẹ̀ lé agogo ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìrìn ọ̀rọ̀ ló ń rìn. Bí gángan bá sọ gbólóhùn kan láti London, tó sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ kó tó dé Ìbàdàn, kò sí etí tó máa mọ̀, níwọ̀n ìgbà tí àwọn ará ilé kò bá dúró dè é. Òfin tí a wá ṣe nìyẹn: ará ilé kì í dúró de ará òkè òkun. Kí wọ́n mú ìlù wọn bó ṣe wà, kí wọ́n má tẹ̀ lé e, kí wọ́n má dẹwọ́. Ó le fún wa láti ṣe, torí àti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé kí á máa fetí sí ara wa.

Tí ẹ̀gbọ́n mi bá wá fẹ́ kí ohùn òun bọ́ sórí ìlù gẹ́lẹ́ ńkọ́? Ọgbọ́n kan wà tí NINJAM, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn fún àwọn olórin, mú wá ní 2005. Dípò kí ó máa bẹ ìdádúró pé kó kéré, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi kún un, títí ó fi tó odidi ìyípo orin kan. Ohun tí ẹ lù ní ìyípo yìí ni àwọn yòókù yóò gbọ́ ní ìyípo tó tẹ̀ lé e, ní ojú ibi tó yẹ gan-an. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, mo rẹ́rìn-ín. Kí ni ègbè, bí kò ṣe pé lílé ti kọjá, kí ohùn kejì tó wọlé? Orin tiwa ti ní àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá pẹ́ dé, bó bá ṣáà ti mọ ibi tí yóò gbà wọlé. Orin tí gbogbo ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ balẹ̀ pọ̀ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Bàtá ni kí ẹ má gbìyànjú. Nínú bàtá, ìyá ìlù àti omele abo ni wọ́n jọ ń pín ọ̀rọ̀ kan sọ, bí ẹnu méjì tó ń sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹ kò lè fi ẹnu òkè sí Ìbàdàn kí ẹ fi ti ìsàlẹ̀ sí London. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan níhìn-ín yóò fẹ́ dán an wò láti fi hàn pé mo ṣìnà. Ẹ dán an wò. Ẹ pè mí wá gbọ́ ọ.

Ní ti àwòrán, wọ́n máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n àwòrán máa ń pẹ́ ju ohùn lọ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a ní. Bí ẹ bá ń wo ọwọ́ ẹnì kejì, ojú yóò tan etí jẹ. A máa ń fi àwòrán kí ara wa, lẹ́yìn náà a ó pa á, a ó sì dijú. Ìdí kan náà ni mo fi ní kí ìyá ìlù má kúrò níbi tí oníjó wà. Ẹsẹ̀ oníjó ló ń wò kó tó mọ ìgbà tí yóò gé e.

Nígbà tí ìyá wa pé ọdún ọgọ́rin, bí a ṣe tò ó nìyẹn. Gbogbo ìlù wà ní àgbàlá ní Ìbàdàn, kọ̀ǹpútà wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá, gbohùngbohùn ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìlù ti gbóná kí a tó ṣí London. Ẹ̀gbọ́n mi fi gángan pe orúkọ àbísọ Màmá, ó pe oríkì rẹ̀, ó pe orúkọ ìyá tó bí i, èyí tí àwa ọmọ ìkẹyìn kò tilẹ̀ mọ̀ dáadáa. Màmá yí orí pẹ̀lẹ́ sí ibi tí ohùn ti ń jáde. Ó dìde, ó di ọ̀já rẹ̀ le, ó jó dé iwájú kọ̀ǹpútà, ó sì ń lẹ owó mọ́ ojú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó ń bọ́ sílẹ̀, ó ń ṣà á, ó tún ń lẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọn ò ti fojú kan ara wọn.

Okùn íntánẹ́ẹ̀tì máa ń já o. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ìdánrawò la wà, London dákẹ́ lójijì, mo sì ti ń bú rọ́tà ilé wa kí n tó gbọ́ ìròyìn. Àwọn ará ilé kò tilẹ̀ dúró. Torí pé wọn kò dúró dè é tẹ́lẹ̀, wọ́n lù ú dé òpin.

Ohun tó kù tó ń jẹ mí lọ́kàn ni àwọn ará wa tó wà lókè òkun láti ìgbà tó ti pẹ́. Ní Cuba, bàtá mẹ́ta tí wọ́n ń lù ń jẹ́ iyá, itótele àti okónkolo. Ẹnì kan ń lé orin, àwọn yòókù ń gbè é. Ní Bahia ní Brazil, nínú Candomblé ti Ketu, ẹ̀sìn òrìṣà àwọn ará ibẹ̀, rum ni ìlù tó tóbi jù, òun ló ń darí, rumpi àti lé ń tẹ̀ lé e, agogô sì ń dún lókè wọn. Àárín Èkó àti Salvador, olú ìlú Bahia, ju kìlómítà 5,000 lọ. Bí okùn kan tilẹ̀ lọ tààrà, mìlísẹ́kọ́ńdì 25 ni yóò gbà. Okùn SAIL tó lọ láti Kribi ní Kamẹrúùnù sí Fortaleza ní 2018 tó nǹkan bíi kìlómítà 6,000, ìyẹn mìlísẹ́kọ́ńdì 30. A kò ní lè pín ìlù kan láàárín àwa àti wọn. Ṣùgbọ́n kí àwọn lu tiwọn pé lọ́hùn-ún, kí ẹnì kan dúró ní Ìbàdàn kó máa lé orin, kí wọ́n sì máa gbè é, ìyẹn ṣeé ṣe pẹ̀lú ohun tó wà nílẹ̀ lónìí, láìsí pé ẹnikẹ́ni gba físà. Mo ń wá àwọn tó gbọ́ èdè Potogí tàbí Sípáníìṣì dáadáa tí wọ́n lè bá mi kọ lẹ́tà sí àwọn ẹgbẹ́ onílù lọ́hùn-ún. Tí ẹ bá wà níhìn-ín, ẹ dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé.

Mo ti so kọ̀ǹpútà méjì pọ̀ ní yàrá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn yìí, hẹ́dífóònù wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ méjì tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn ló ń bójú tó o. Wọ́n lè fi ìdádúró sí i bí ẹ bá ṣe fẹ́, láti mìlísẹ́kọ́ńdì 3 títí dé 78, gẹ́gẹ́ bíi ti Stanford. Kí ẹ wọlé ní méjì méjì, kí ẹ pàtẹ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì sọ fún wa ibi tí ó ti kọ́kọ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà kọ́kọ́ wọlé.